Wọ́n Ti Gbé Màmá: Ọ̀rọ̀ Lórí "Pick Up"

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kejì ọdún, òtútù Leeds ń ta mọ́ ni létí bí abẹ́rẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà láti ìsinmi ọjọ́ méjì. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kẹ́à tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe níbí. Agogo méje la máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú. A ó jókòó sínú yàrá kékeré kan, nọ́ọ̀sì òru á máa ka ìwé lọ: ẹni tó sùn dáadáa, ẹni tó jí lóru, ẹni tí kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tó kan màmá yàrá kẹsàn-án, gbólóhùn kúkúrú kan ló sọ: "She's picked up." Ó ṣí ìwé sí ojú ewé kejì, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

N ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́. Ohun tí etí mi bá mi gbọ́ ni pé wọ́n ti gbé màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fi màmá sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ikọ́ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ikọ́ náà sì ti wọ àyà. Bí wọ́n bá mí, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Dókítà ti kọ oògùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, omi ni mo ń fi síbí bù sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Kí n tó lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì tètè tú u sílẹ̀. Ọjọ́ méjì tí mo fi wà nílé, ìdìmú yẹn kò kúrò ní ọwọ́ mi.

Nílé wa, bí ẹnì kan bá sọ pé wọ́n ti gbé arúgbó tó ń ṣàìsàn, ibi méjì ni wọ́n lè gbé e lọ, ọsibítù tàbí mọ́ṣúárì. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ la fi ń mọ èyí tó jẹ́. Ohùn nọ́ọ̀sì yìí kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Mo dìde, mo jáde, mo fẹ̀yìn ti ògiri, omi sì bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé ó yẹ kí n lọ ká aṣọ wọn, kó má jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ni yóò kó ẹrù wọn sínú àpò. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kẹsàn-án.

Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí méjì wà lẹ́yìn wọn, síbí wà lọ́wọ́, àwo pọ́ríìjì wà níwájú. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "There you are, love."

Kí n tó wá síbí, ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Mo ní láti sọ èyí, torí ẹni tó bá kà dé ibí lè rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni n ò gbọ́. Mo kọ́ wọn ní "phrasal verb", àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń fa ọ̀rọ̀ kékeré kan tẹ̀lé ara wọn: "put off", "give in", "look after". Mo máa ń fa ìlà sí àárín pátákó, ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún. "Pick up" wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni kí nǹkan tó ti lọ sílẹ̀ máa sunwọ̀n sí i. Ọjà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo ṣì mọ̀ ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Kí ló dé tí etí mi fi gba ọ̀nà ibòmíràn lọ?

Ó pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn, inú èdè ti ara wa ni mo sì ti rí i.

Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò lè la ẹnu sọ pé òun mú nǹkan kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti wo nǹkan náà. Ṣé ó wúwo, àbí ó fẹ̀? Gbé e. Ṣé ó fúyẹ́, tí ọwọ́ kan ká a? Mú un. Ṣé wọ́n pọ̀, àbí ó jẹ́ irú nǹkan bí iyanrìn tí kò ṣeé kà? Kó o. Ṣé wọ́n fọ́n káàkiri, tó jẹ́ pé wàá máa bẹ̀rẹ̀, wàá máa nàró? Ṣà wọ́n. Ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ìwọ wá kàn án lójú ọ̀nà? He é. Kódà bí ìyá bá kàn fẹ́ kí ọmọ fi nǹkan jíṣẹ́ láti yàrá, kò lè rán an láìṣe ìyàtọ̀ yìí: mú ife wá, gbé àga wá, kó aṣọ wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó dàgbà sínú èdè náà kì í ṣì í. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ, torí ó ti gbé àga rí, ó sì ti mú ife rí.

"Pick up" kì í béèrè ìkankan nínú wọ̀nyí. Abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, "pick up". Ọmọ tó ń sunkún, "pick up". Àpótí, owó ẹyọ, ẹ̀wà tó dà sí ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èdè náà fi ìwọ̀n, iye àti ẹni tó ni nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ pé kó wá a fúnra rẹ̀ láti inú ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká. N kò sọ èyí láti fi bú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn, ó sì ti bá wọn gbé e débi tí wọ́n dé. Ṣùgbọ́n etí tí Yorùbá ti tọ́ máa ń wá ohun tí wọ́n gbé. Nínú "She's picked up", kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbé. Etí mi wá a, kò rí ẹlòmíràn ju màmá fúnra wọn lọ, ó sì fi wọ́n dí àlàfo náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀, tín-ín-rín ni. "S" kékeré tó wà lẹ́yìn "she" lè dúró fún "is", ó sì lè dúró fún "has". Bó bá jẹ́ "has", màmá ló ṣe nǹkan. Bó bá jẹ́ "is", ẹlòmíràn ló ṣe é fún wọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní kíkún sínú ìwé, à bá rí i kedere. Lẹ́nu èèyàn ní agogo méje òwúrọ̀, ìró kan náà ni méjèèjì, kò sì sí àmì ohùn tó yà wọ́n sọ́tọ̀ bí àmì ohùn ṣe máa ń ya ọ̀rọ̀ tiwa.

Alẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn.

"Ṣé kò sí o? Ohùn rẹ ò dá ṣáká."

"Kò sí, Màámi. Màmá tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí ni, àwọn tó ń wúkọ́."

"Wọ́n ti lọ?"

"Rárá o. Wọ́n jókòó lónìí, wọ́n ń jẹun."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n ti gbérí nìyẹn."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára, wọ́n tún un sọ pẹ̀lú ohùn òkè: wọ́n ti gbérí.

Gbé orí. Ẹni tí àìsàn ti tẹ orí rẹ̀ ba, tó wá gbé orí sókè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nípa ẹni tí gbèsè ti dorí rẹ̀ kodò tó wá rọ́wọ́ mú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nípa ìlú tí ogun fọ́, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́ nípa ọjà. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ wo bí àwọn gbólóhùn méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó lẹ́nu wa: "wọ́n ti gbé màmá", "wọ́n ti gbérí". Nínú ti àkọ́kọ́, "wọ́n" jẹ́ àwọn àjèjì tó wọlé wá pẹ̀lú ibùsùn onítáyà. Nínú ti ìkejì, "wọ́n" jẹ́ màmá fúnra wọn, ọ̀wọ̀ la fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyá mi tí kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan rí ló fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ ohun tí mo fi odindi òwúrọ̀ sunkún lé lórí.

Kì í ṣe àwa tí a wá láti ìbòmíràn nìkan la ti rí i pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí le. Samuel Johnson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó jáde ní 1755, sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe ni àlejò ti máa ń rí ìṣòro jù nínú èdè àwọn. (Kì í ṣe Samuel Johnson tiwa, àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́.) Orúkọ náà gan-an, "phrasal verb", kò tíì pẹ́ púpọ̀. Logan Pearsall Smith ló mú un wọ inú ìwé ní 1925, ó sì sọ pé Henry Bradley, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú atúmọ̀ èdè Oxford, ló dá a lábàá.

Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí mo ń kọ́ni, n kò sọ fún àwọn ọmọ mi pé irú nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń là sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣàlàyé wọn nínú ìwé gírámà rẹ̀ tó jáde ní 1966. Ẹ mú "bàjẹ́". Bí a bá fẹ́ lò ó fún ọkọ̀, ọkọ̀ á wọ àárín rẹ̀: ó ba ọkọ̀ jẹ́. Bí a bá fi "á" rọ́pò ọkọ̀, àárín náà ló ń wọ̀: ó bà á jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní "pick the phone up" tọ̀nà, ẹni tó ní "pick up the phone" tọ̀nà, ṣùgbọ́n bó bá ti di "it", àárín ni dandan: "pick it up". Àwọn ọmọ máa ń kọ "pick up it", mo sì máa ń fi bírò pupa fa igi sí i láìsọ ìdí. Ìdí náà wà lẹ́nu wọn láti ilé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ pé "ó bàjẹ́ á". Ká ní mo ti fi èyí hàn wọ́n, ọ̀pọ̀ igi pupa yẹn ì bá má sí níbẹ̀.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé kò sí ọjọ́ tó lọ tí n kò pàdé rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ kan dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Bí ọlọ́pàá bá "pick up" ẹnì kan, àwa náà á ní wọ́n gbé e. Bí mo bá sọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, mo ń retí ẹni tó máa wá gbé mi. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ọmọ mi, àwọn òbí ń dúró ní ọ̀sán láti gbé ọmọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Fóònù náà, gbígbé là ń gbé e, torí fóònù ayé àtijọ́ máa ń sùn lórí ìdí rẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á gbé e wá sétí. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní fóònù kankan títí GSM fi dé ní 2001, wọn ò sì fi ọwọ́ kan irú fóònù yẹn rí. Síbẹ̀, "mo pè ẹ́, o ò pick" kò kúrò lẹ́nu wa.

A ti gé "up" dànù, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. "He didn't pick." "Come and pick me." Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́, àṣìṣe ni mo kà á sí. Ní báyìí, mo rò pé mo mọ ibi tó ti wá. Nínú "gbé", òkè ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ní kí o gbé àpótí, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibi tí àpótí máa gbà. A máa ń fi "sókè" kún un nígbà tí a bá fẹ́ kó ga jù bó ṣe wà lọ. Etí wa gbọ́ "up" bí ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ tí a tún ń sọ, a sì jẹ́ kó lọ. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì dúró lórí rẹ̀.

Àwọn ìtumọ̀ mìíràn kò bá gbé lọ rárá. Àrùn tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá "pick up" lọ́jà, kíkó là ń kó o, bí ẹni pé ẹrù ni. Ilé iṣẹ́ tí rédíò bá "pick up", mímú ni rédíò mú un. Ara gìtá oníná tí àwọn bíi Ebenezer Obey àti Sunny Adé fi gbé jùjú kárí ayé, "pick-up" kan wà níbẹ̀, abẹ́ okùn ló ń gbé: òòfà ni, tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá gbọ̀n, òòfà á mọ̀ ọ́n lára, wáyà á sì gbé e lọ bí iná. Okùn rọ́bà tàbí ti ọ̀rá kò lè bá a sọ̀rọ̀, irin nìkan ló ń gbọ́. Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ yìí gan-an, torí gbígbọ́ ni wọ́n ń pè ní "pick up" níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa bá sì rí i pé ojú mi kò dùn, tó ní òun "picked up on it", irú gbígbọ́ kan náà ni, èyí tí a ń fi ara gbọ́.

Níbi iṣẹ́ wa, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ṣíìfù. Ọjọ́ Ẹtì ní ìrọ̀lẹ́, fóònù á dún, iṣẹ́ ti ránṣẹ́: ta ló lè "pick up" ṣíìfù ọ̀la? Ẹnì kan ṣàìsàn, tàbí ọmọ ẹnì kan ṣàìsàn, ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé kì í kọ̀ ọ́. Mo mọ obìnrin kan tó gba mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan kún tirẹ̀, ó sì sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì títí dé ìdíkọ̀ ìkẹyìn. Kò sí ẹni tó béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ yẹn ni, gbígbé ni wọ́n máa kọ, ẹni tó ń kà á á sì ti mọ̀ pé ẹrù ni.

Ohun ìyanu ni pé ènìyàn nìkan ni a kì í "pick up" nílé yẹn. Òfin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1992 lórí fífi ọwọ́ gbé ẹrù níbi iṣẹ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ni wọ́n sì ti kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn àti apá wa gbé arúgbó. Ẹ̀rọ ló wà fún un, pẹ̀lú aṣọ tí a máa tẹ́ sábẹ́ wọn, ẹni méjì ló sì ń lò ó, ọ̀kan ń tẹ bọ́tìnì, ọ̀kan ń bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Màmá kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbérí tán, wọ́n ní kí n bá àwọn fa àpò kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òwú ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irin gígùn méjì tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà. Ọwọ́ wọn kò le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń hun. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á ní kí n jókòó kí n gbìyànjú. Mo ń hun lọ lọ́jọ́ kan, wọ́n na ìka sí ọwọ́ mi: "You've dropped one. Pick it up."

Mo wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan nílẹ̀. Màmá rọra gba irin lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi hàn mí. Ojú òwú kan ti yọ́ kúrò lórí irin, ó ti ń jábọ́ láti ìlà kan sí ìkejì, ó fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn bí àkàsọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò jábọ́ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n mú irin kékeré kan tí orí rẹ̀ tẹ̀, wọ́n fi kọ́ ojú òwú náà, wọ́n fa igi àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan gba inú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣe é tán, ẹ ò lè mọ̀ pé ó bọ́ rí.

Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lẹ́nu, láìwá a. Kì í ṣe gbé, kì í ṣe mú. He ni. Nǹkan tó bọ́, tí ẹnì kan wá kàn, tó dá padà sí ipò.

Nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ wa fún "pick up", he ni mo fẹ́ràn jù, mo sì gbà pé òun ló ń parẹ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ẹni tó bá ní òun he owó ti sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan: owó ti wà lọ́wọ́ òun, owó náà sì ní olówó. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń béèrè pé ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ torí ẹ̀ kú, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Inú rẹ̀ la ti rí àhesọ, ọ̀rọ̀ tí a kàn he tí a wá ń sọ kiri, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ni ní Ìbàdàn, mo kọ́ ọ ni, pẹ̀lú ìwé àti ìdánwò. "Ta" tí mo ń sọ nígbà tí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn fún mi, "nowt" tí mo ń sọ nígbà tí kò bá sí nǹkan, n kò kọ́ wọn. Ẹnu màmá ni mo ti he wọ́n.

Wọ́n lọ ní oṣù kẹjọ, lójú oorun. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì òru sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, "They've collected her." Ìyẹn náà ní ìtumọ̀ púpọ̀ nínú ìwé. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọbìnrin wọn wá kó ẹrù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fa àpò òwú náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní màmá ní kí wọ́n fún mi. Ìdajì síkáàfù aláwọ̀ ewé ṣì wà lórí irin.

Ó pẹ́ kí n tó lè ṣí i. Ọmọ mi ọkùnrin jókòó ti mi nílẹ̀ ní alẹ́ tí mo ṣí i, ó ń ṣeré. Ọmọ ọdún méje ni, ọdún mẹ́ta ló wà nígbà tí a kúrò nílé. Ó ń sọ Yorùbá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n "gbé" ni gbogbo nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé síbí, ó gbé pẹ́ńsù, ó gbé ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Mo ti ń tún un ṣe fún un láìsinmi, títí ó fi ń sú òun àti èmi.

Mo tan iná sí ìdí síkáàfù. Ní ìlà tí màmá hun kẹ́yìn, ojú òwú kan ti bọ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà mẹ́rin. Mo mú irin kékeré tí orí rẹ̀ tẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ gbé?"

"N ò gbé nǹkan. Mo he é ni."

"He?"

Mo fi hàn án. Mo ní ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, èmi ni mo rí i. Ó wò ó títí mo fi fà á dé òkè, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó sì fa bọ́tìnì kan jáde, dúdú, oníhò mẹ́rin, tí kì í ṣe ti aṣọ ẹnikẹ́ni nínú ilé wa.

"Mọ́mì, mo he bọ́tìnì."

Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ iná, ó ń wò ó.

"Ta ló sọ ọ́ nù?"